Ìka Márùn-ún Tí Kì í Ṣe Èébú

Inú Àmúdà dùn láàárọ̀ Sátidé ọjọ́ náà. Ó sá kòkó rẹ̀ tán, ó wọ jálàbíà funfun, ó sì gba pápá ilé ìwé ọmọ rẹ̀ lọ ní Ìkẹ́rẹ́. Ṣùkúrátù ọmọ rẹ̀ ni balógun àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ jù sínú àwọ̀n, wọ́n sì fẹ́ kojú Ògòtún fún ife ẹ̀yẹ. Àmúdà ò mọ òfin eré náà rárá, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ju ti gbogbo èrò lọ.

Eré ku díẹ̀ kó parí, àmì wọn dọ́gba. Ọmọ Ògòtún kan fò láti ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n, ni Ṣùkúrátù bá gbá a lọ́wọ́. Rẹfirí fọn fèrè. Ọkùnrin tó jókòó sídìí tábìlì, tó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù, na ọwọ́ sókè, ó ya ìka márààrún sí Ṣùkúrátù.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí nílẹ̀ wa. Ojú Àmúdà ṣú.

"Yèyé ọmọ mi lo bú yẹn? Mi ì gbà! Ulé ọba ni a ó jọ lọ!"

Ó fò wọ pápá, ó gbá ọkùnrin náà lọ́rùn aṣọ mú. Àwọn aláìmọ̀kan bíi tirẹ̀ ti ń rọ́ tẹ̀lé e.

Rẹfirí dá eré dúró. "Bí wọn ò bá kúrò nínú pápá, n ó gbé ife fún Ògòtún."

Ṣùkúrátù kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ ká pàdánù ife yìí."

Bùkúnmi, tíṣà eré ìdárayá, fa Àmúdà lọ sẹ́yìn wáyà tó yí pápá ká. "Bàbá, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀ṣẹ̀ Ṣùkúrátù ló pé márùn-ún. Ẹni tó bá ti ṣẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò lè gbá mọ́, ẹlòmíì ni yóò rọ́pò rẹ̀."

"Wọ́n lé e nìyẹn?"

"Rárá o. Yóò jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá hùwà ipá ni wọ́n ń lé kúrò pátápátá. Ohun tí wọ́n fi ń lé èèyàn, ẹ̀yin lẹ ṣe é, kì í ṣe ọmọ yín."

Ìtìjú bo Àmúdà. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ọkùnrin náà lójú gbogbo èrò. Wọ́n ní ẹ̀yìn wáyà ni yóò wà títí eré yóò fi parí, ó sì gbà.

Nítorí pé ọmọ Ògòtún ń ju bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ nígbà tí Ṣùkúrátù gbá a, wọ́n fún un ní jíjù ọ̀fẹ́ méjì, láìsí ẹni tó gbọdọ̀ dí i lọ́wọ́. Ọ̀kan wọlé, èkejì tàsé. Ògòtún fi àmì kan ṣíwájú.

Kò pẹ́ ni Dámi, tó rọ́pò Ṣùkúrátù, gbé bọ́ọ̀lù dé abẹ́ àwọ̀n. Bó ṣe ń jù ú, wọ́n tì í ṣubú. Jíjù ọ̀fẹ́ méjì! Ni àwọn ará Ìkẹ́rẹ́ bá ń bú rẹfirí pé mẹ́ta ló yẹ. Bùkúnmi ti ṣàlàyé èyí fún Àmúdà, ó sì kígbe láti ẹ̀yìn wáyà:

"Ẹ panu mọ́! Ẹni tó bá ń jù láti ẹ̀yìn ìlà tó jìnnà yẹn nìkan ni wọ́n ń fún ní mẹ́ta!"

Ni wọ́n bá padà jókòó. Dámi jù, ó wọlé. Ó tún jù, ó tún wọlé! Fèrè ìparí dún, Ìkẹ́rẹ́ gba ife.

Ṣùkúrátù sáré wá sídìí wáyà, ó ya ìka márààrún sí bàbá rẹ̀. Àmúdà gbé àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ lé e, ẹ̀rín sọ, omi sì lé sí i lójú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olólùfẹ́ eré, díẹ̀ ló kù kí ìbínú bàbá gba ife lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ kọ́ òfin eré tí ọmọ yín ń ṣe. Ẹ má fọwọ́ kan rẹfirí. Ìka tí ẹ bá rí lórí pápá, ẹ kọ́kọ́ béèrè: ṣé èébú ni, àbí òfin?