Ọjọ́ Mẹ́rin ní Ìlú Tí A Kò Dé Rí

Oorun gbé nọ́ọ̀sì kan lọ lórí àga, níwájú kámẹ́rà, lójú ọkùnrin tó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀.

Onífọ́tò ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé kó gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kó má rẹ́rìn-ín, kó la ojú dáadáa. Obìnrin náà gbé àgbọ̀n sókè. Kò rẹ́rìn-ín. Ojú ló kọ̀ tí kò là.

Aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, aago kékeré kan sì há sí igbá àyà rẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń bọ̀, láti ìrọ̀lẹ́ àná ló ti wà lórí ìdúró. Orí rẹ̀ fì sápá kan, ẹnu rẹ̀ là díẹ̀ bíi ti ọmọ tó sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Onífọ́tò wò ó títí, ó pa iná tó mú jù, ó sì yọ́ jáde lọ bá àwọn mẹ́rin tó tò síta.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀rọ ń sinmi."

Nígbà tí obìnrin náà jí, ńṣe ló fò dìde. "Ṣé ẹ ti yà á?"

"Rárá o. Ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù kì í gba fọ́tò ẹni tó ń sùn."

Kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu òun.

"Wọn kì í gba ìyẹn náà," ni ọkùnrin náà wí. "Ẹ má rẹ́rìn-ín."

Má-rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ọdún mẹ́tàlá ló ti fi ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn tó ń lọ sókè òkun. Òun alára kò kọjá ìlú kejì rí.

"Ibo lẹ̀ ń lọ?" ló bi í nígbà tó ń gé fọ́tò náà.

Ó dárúkọ ìlú náà. "Ọjọ́ mẹ́rin péré ni. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà níbẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá pàdé yín."

"Itẹ́ òkú ni wọ́n wà."

Àlùmọ́gàjí dúró sí i lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà sọ ìyókù láìgbé ohùn sókè, bí ẹni tó ń ka ìwé aláìsàn. Iṣẹ́ ni ẹ̀gbọ́n òun bá lọ. Àìsàn mú un lọ́hùn-ún, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sin ín. Ọdún kan ti kọjá, ẹnì kankan nílé kò tíì fojú kan ibojì náà. Orúnkún ìyá àwọn kò gbé e mọ́. Òun nìkan ló kù, ìsinmi tí wọ́n fún òun níbi iṣẹ́ kò sì ju ọ̀sẹ̀ kan lọ.

"Mi ò tíì mọ ibi tí mo máa sùn, mi ò mọ ọkọ̀ tí mo máa wọ̀. Bí mo bá ti jókòó pé kí n wò ó, oorun ni."

"Bẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ẹ máa yà níbí," ni Má-rẹ́rìn-ín wí. "Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó."

Báyìí ló di pé láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ife tíì méjì á ti wà lórí tábìlì. Ó tẹ máàpù ìlú náà jáde ní ègé mẹ́sàn-án, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ mọ́ ara ògiri. Ó fi yíńkì pupa fa ọ̀nà: láti pápákọ̀ òfurufú, ogójì ìṣẹ́jú nínú rélùwéè, lẹ́yìn náà bọ́ọ̀sì kan, lẹ́yìn náà òmíràn. Aago mẹ́rin ni wọ́n ń ti géètì itẹ́ òkú. Ó rí yàrá kan nítòsí ibùdó rélùwéè. Àjà kẹta ni, àtẹ̀gùn ni wọ́n sì fi ń gùn ún.

"Àjà kẹta! Orí òkè ni gbogbo wáàdì tí mò ń tọ́jú wà. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

"Ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni òmíràn tó ṣófo. Kò ní fèrèsé."

"Ó dáa, jẹ́ n gùn ún."

Ìgbà wo ni "ẹ" di "o" láàárín wọn? Kò sẹ́ni tó lè sọ. Má-rẹ́rìn-ín ń ti inú fóònù kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin ní èdè ibẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kíni, bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́, bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀nà. Ní ọ̀rọ̀ kẹta, nọ́ọ̀sì á ti gbé orí lé tábìlì.

"Ìyá Oorun, ó ku ọ̀kan."

"Ìwọ tí o ò dé ibì kankan rí, ìwọ lò ń kọ́ mi lọ́nà."

"Abèèrè kì í ṣìnà, olólùfẹ́ mi. Èmi ni mò ń bá ẹ béèrè."

Nọ́ọ̀sì gbọ́ "olólùfẹ́" náà dáadáa, ó kàn di ojú rẹ̀ síbẹ̀ ni, kí ọkùnrin náà má bàa gba ọ̀rọ̀ náà padà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó mú fọ́tò kékeré kan wá, tí yóò fi han olùṣọ́ itẹ́ òkú. "Ẹ̀gbọ́n mi rèé."

Má-rẹ́rìn-ín yí i sẹ́yìn. Òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ó wo ojú ọkùnrin náà, ó sì rántí rẹ̀.  Ó dá fọ́tò náà padà, ó ní, "Ẹ jọra o."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀sì mú un lọ sílé kí ìyá rẹ̀ lè mọ̀ ọ́n. Ìyá jókòó sídìí fèrèsé, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpótí.

"Kí niṣẹ́ ẹ?"

"Fọ́tò ni mò ń yà, mà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́fíìsì pásípọ́ọ̀tù."

 Ìyá ní kí ọmọ òun gbé fọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ó wọ jígí ojú rẹ̀, ó yí i sẹ́yìn, ó kà á.

"Ìwọ lo ya fọ́tò tí ọmọ mi fi lọ."

"Èmi ni, mà."

"O tún ti ya ti èkejì." Ìyá bọ́ jígí. "Mi ò bí ẹ̀kẹta tí wàá tún yà. Máa lọ."

Lẹ́nu ọ̀nà, nọ́ọ̀sì bi í pé, "Ṣé o ti mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Láti ọ̀sẹ̀ méjì."

"O mọ̀, o sì dákẹ́. O ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kíni." Kò pariwo. Kò sí agbára ìbínú lára rẹ̀. Ó kàn ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án, kò yà ní ṣọ́ọ̀bù. Ìrìn-àjò ku ọjọ́ márùn-ún. Má-rẹ́rìn-ín ń da tíì kejì nù láràárọ̀. Níkẹyìn, ó tan kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó wà lábẹ́ tábìlì, ó wá inú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, kó tó rí ohun tó ń wá. Ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó sì gba ilé ìyá lọ lọ́sàn-án.

Ìyá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn.

"Mà, mi ò wá bẹ̀bẹ̀ fún ara mi. Nǹkan yín kan ló wà lọ́wọ́ mi."

Fọ́tò mẹ́fà ni. Ìyá jókòó, ó tò wọ́n sórí itan lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú gbogbo wọn, ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Nínú ọ̀kan ó fọwọ́ bo ẹnu, nínú òmíràn orí rẹ̀ ti ṣubú sẹ́yìn.

"Ìkeje ni ọ́fíìsì gbà," ni Má-rẹ́rìn-ín wí. "Mẹ́fà yìí, ẹ̀rín ló bà wọ́n jẹ́."

"Kí ló pa á lẹ́rìn-ín tó báyìí?"

"Mo ní kó fajú ro. Ó ní ẹ̀yin lẹ sọ láàárọ̀ ọjọ́ náà pé bí òun bá fajú ro nínú fọ́tò, wọ́n á rò pé ọ̀daràn lòun."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀!" Ìyá gbá itan, ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì bá ẹ̀rín náà jáde. "Láti ọjọ́ tó ti kú, ojú àìsàn tó gbé wá sórí fóònù nìkan ni mò ń rí. Jókòó. Tún un sọ fún mi."

Ó tún un sọ. Nígbà tó gbójú sókè, nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ìrọ̀rí ti fa ilà sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ni Má-rẹ́rìn-ín sọ fún un. "Mo rò pé tó o bá mọ̀, o ò ní wá mọ́. Má bínú."

Obìnrin náà wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ta ló wá máa fi ibi tí bọ́ọ̀sì kejì ti ń gbéra hàn mí?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, nọ́ọ̀sì lọ. Rélùwéè náà pé ogójì ìṣẹ́jú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ń tún ọ̀nà ṣe, bọ́ọ̀sì kejì kò dé. Ó fẹsẹ̀ rìn nínú òjò. Ó béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá arúgbó kan; ìyẹn da èdè lé e lórí bí omi, nígbà tó rí i pé kò yé e, ó dì í lápá aṣọ mú, ó sì mú un dé géètì. Koríko ti bo òkúta ibojì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó fọwọ́ tu ú, ó jíṣẹ́ ìyá wọn, ó sì sun ẹkún tí kò ráyè sun fún odidi ọdún kan. Lọ́jọ́ kẹta, kò jáde rárá, oorun ló sùn. Kò sẹ́ni tó pè é, kò sí aláìsàn tó tẹ aago.

Nílé, Má-rẹ́rìn-ín ń wá láràárọ̀ láti jókòó ti ìyá.

"Ní báyìí, ó yẹ kó ti wọ bọ́ọ̀sì, mà."

"Ṣé kò gbàgbé kóòtù?"

"Èmi ni mo dì í sínú báàgì."

"Ìwọ náà, jẹun. O ti rù."

Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì dé, ó bá Má-rẹ́rìn-ín tó fara ti òpó ní pápákọ̀ òfurufú, láti ìdájí ló ti wà níbẹ̀. Ó gbé báàgì sílẹ̀ láàárín wọn.

"Ó rẹ̀ mí," ló wí.

"Mo mọ̀."

"O ò mọ̀. Ó ti ń rẹ̀ mí kí n tó mọ̀ ẹ́, kò sì ní tán lọ́la. Iṣẹ́ wà níbẹ̀, màmá wà níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé mi ò fẹ́ kó máa rẹ̀ mí lémi nìkan mọ́."

Ọkùnrin náà kúrò lára òpó. "Ṣé ìwọ lò ń béèrè ni, àbí èmi ló yẹ kí n béèrè?"

"Ẹni tó bá lókun nínú àwa méjèèjì ni kó béèrè."

"Ó dáa. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ."

Ó di etí báàgì kan mú, ọkùnrin náà di èkejì, wọ́n sì ń lọ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn tó ń sáré.