Ilé Àwọn Bàbá Mẹ́ta

Oògùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà ọkọ mi. Lọ́dún 2002, ilé dé ilé la ti ń kán an sẹ́nu àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, a ó sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ iye wọn sára ògiri. Ìdó ni mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, àmọ́ Òsì ni wọ́n pín mi sí.

Pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan wà níbẹ̀, ó tóbi bí ilé ìwé, páànù rẹ̀ ti dípẹtà. Ọkùnrin gíga kan jáde sí mi, eruku pákó kún irun rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, èèyàn mélòó ló ń gbé ibí?"

"Èmi àti àwọn bàbá mẹ́ta."

"Ṣé àwọn bàbá náà ò ní ọmọ kékeré lọ́dọ̀?"

"Wọ́n ti kú, nọ́ọ̀sì. Inú ilé ni wọ́n sin wọ́n sí."

Mo ṣebí ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Ó ní kí n wọlé wá wò ó. Èmi aláìgbọ́n, mo wọlé.

Sàréè Bàbá Adékúnlé wà nínú pálọ̀. Oníṣòwò kòkó ni, òun ló kọ́ ilé náà nígbà tí òyìnbó ṣì ń jọba. Nígbà tó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ta ilé, wọ́n sì ta bàbá wọn mọ́ ọn. Bàbá Adéníyì, olùkọ́ ìjọ Áńgílíkà, ló rà á. Sàréè tiẹ̀ wà nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ tiẹ̀ wà ní Èkó àti òkè òkun, ilé ìlú kékeré ò jọ wọ́n lójú. Bàbá ọkùnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ yìí, tó jẹ́ káfíńtà, ló rà á lọ́wọ́ wọn, sàréè tiẹ̀ sì wà ní yàrá ẹ̀yìn. Bánkọ́lé lorúkọ ọkùnrin náà, a máa kí wọn láràárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní bàbá òun ló fi sílẹ̀ pé kí òun má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn wà láìrẹ́ni kí i.

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ àgbà ni, ó ń wọ́ ọ̀kan nílẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ títí dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ó sì dúró. Kò sẹ́ni kankan níbẹ̀.

"Ẹ rọra o, Bàbá," ni Bánkọ́lé wí. Ó yíjú sí mi. "Ẹni tó kọ́ ilé ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló máa ń wá wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni ń retí èèyàn."

Mo sá jáde, mo gbàgbé ṣọ́ọ̀kì mi. Lọ́jọ́ kejì ó gun ọ̀kadà wá sí Ìdó láti gbé e fún mi, irun rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ta ló ń wọ ọ̀kadà nítorí ṣọ́ọ̀kì? Ìfẹ́ rẹ̀ wọ̀ mí lára lọ́jọ́ náà.

A fẹ́ra sọ́nà tó ọdún kan. Ẹsẹ̀ yẹn ò yéé mú ara mi tutù, àmọ́ mi ò sá mọ́.

"Olólùfẹ́ mi," ni Bánkọ́lé a máa wí, "bó o bá ní kí n kó kúrò, màá kó kúrò. Àmọ́ ọkàn mi ò ní balẹ̀."

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kí n gba ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀ lọ.

Ìyá mi ní Ìkọ̀lé ni wàhálà wa. Iṣẹ́ Bánkọ́lé tẹ́ ẹ lọ́rùn, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, títí mo fi dárúkọ ilé. Ó gbé ẹ̀wà tó ń ṣà kalẹ̀.

"Ulé yẹn kọ́. O ò ní í fẹ́ ẹ."

"Nítorí kí ni, Màmá?"

"Mo ti wí tèmi, Ọpẹ́yẹmí. Bó o bá wọ ulé yẹn, má pè mí síbi ìgbéyàwó rẹ."

Bánkọ́lé wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Kò wò ó. Ta ló máa wá fà mí lé ọkọ lọ́wọ́? Mo sunkún títí ojú mi fi wú, mo sì lọ sí Òsì láti sọ fún Bánkọ́lé pé ó ti tán láàárín wa.

Ìyá mi gbọ́ pé mo lọ. Ó rò pé mo ti kó tọ ọkùnrin ni, ló bá wọ takisí tẹ̀ lé mi. Ìrọ̀lẹ́ ló dé. Ó já wọ pálọ̀, ó gbá mi lọ́wọ́ mú. Ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọwọ́ rẹ̀ tú lára mi.

"Bàbá mi nìyẹn," ló wí. "Kẹ̀kẹ́ ló ṣe é léṣe, ó máa ń wọ́ ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń wá dúró dè mí tí mo bá ń ti ilé ìwé bọ̀."

Ìyá mi tó máa ń sọ pé òun ò mọ bàbá òun.

"Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ta ulé lé e lórí. Uyá mi kó mi lọ sí Ìkọ̀lé, a ò kí i pé ó dìgbà. Kì í ṣe ẹ̀rù ló ń bà mí, Ọpẹ́. Ojú ló ń tì mí."

Ó kúnlẹ̀ lórí sàréè. "Bàbá, èmi Àbẹ̀ní ni. Mo ti dé."

Ìyá mi gbójú sókè sí Bánkọ́lé.

"Ṣé ìwọ lo ti ń bá mi kí i?"

"Èmi ni, mà."

"Àyè ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀?"

"Ó wà, mà."

"Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ sin mí sí. Bó o bá gbà, máa mú ọmọ mi."

Bánkọ́lé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹkún àti ẹ̀rín dà pọ̀ lẹ́nu mi: èmi ìyàwó ò tíì mọ yàrá tí wọ́n máa fún mi, ìyá mi ti mú tiẹ̀.