Gìtá Mẹ́jọ Lórí Àga Mẹ́jọ

Ojú kan ṣoṣo ni obìnrin agbẹ́gìtá náà fi kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó di ojú kejì pa, ó gbé ọrùn gìtá kan dọ́gba pẹ̀lú imú, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀ bóyá ó tọ́. Ibẹ̀ ló wà tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù fi ṣí, tí ọkùnrin gíga kan wọlé láti inú òjò. Ẹ̀wù òjò tó yẹ kó wà lára rẹ̀ ló fi we àpótí tó gbé mọ́ àyà. Omi ń kán ní etí rẹ̀, ó ń kán ní àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n àpótí náà gbẹ táútáú.

Obìnrin náà kò tètè la ojú kejì. Ó rántí pé lẹ́búlẹ́bú igi kún irun òun, ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé ó rántí.

"Ẹ káàsán o," ló wí. "Ẹ mà ti rin gbingbin. Ṣé ọmọ yín ló wà nínú àpótí yẹn ni?"

"Mo rà á ni," ọkùnrin náà dáhùn pẹ̀lú ìtìjú.

Kì í ṣe gìtá lásán ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀ o. Béèsì ni, gìtá ńlá olókùn mẹ́rin, tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, tí ẹ ó gbọ́ láyà kí ẹ tó gbọ́ ọ létí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, owó tí ẹlòmíì fi ń ra mọ́tò ni wọ́n sì ń ta ọ̀kan. Ẹni tí kò bá lè dúró kó lọ ra ti ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá agbẹ́gìtá ló dá ṣọ́ọ̀bù náà sílẹ̀. Nísinsìnyí ọwọ́ bàbá ti ń gbọ̀n, ìdí fèrèsé ló ń jókòó sí, ẹnu nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́. Ẹnu ọ̀hún kò gbọ̀n rárá.

Ọkùnrin náà ṣí àpótí. Bàbá dìde, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ ni, èyí tó gbẹ́ nígbà tí ara ṣì le. Ó sún mọ́ ọn. Okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dẹ̀ wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀.

"Ta ló tú okùn rẹ̀ sílẹ̀ báyìí?"

"Èmi ni, sà. Mo ní kó sinmi."

"Kó sinmi? Ó wá bá ẹ, ó ní ó ti rẹ òun?"

Agbẹ́gìtá ti gbé e, ó ti tún di ojú kan. "Bàbá, ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún wọn. Ọ̀gá, irin kan wà nínú ọrùn rẹ̀ tó ń fà á sẹ́yìn. Okùn ń fà á síwájú. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń fa ara wọn ló fi ń dúró ṣánṣán. Nígbà tí ẹ tú okùn, irin nìkan ló kù. Ó ti tẹ̀ sẹ́yìn."

"Mo rò pé mò ń tọ́jú ẹ̀ ni."

"Ẹ tọ́jú ẹ̀ débi tó fi ń ṣàìsàn. Ṣé òun nìkan lẹ ní?"

Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Mẹ́jọ ni wọ́n."

"Gbogbo wọn lẹ tú?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá kígbe bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́, ó padà sídìí fèrèsé, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn.

"Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe gan-an?" agbẹ́gìtá bi í.

"Dókítà eyín."

"Háà! Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń fa eyín ọmọ ọlọ́mọ, okùn gìtá lẹ wá ń ṣàánú." Ó rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà lọ, Eléyín ló ń pè é.

Kò ṣeé ṣe kí èèyàn máa gbé gìtá mẹ́jọ kiri nínú òjò, nítorí náà agbẹ́gìtá ló kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ sílé ọkùnrin náà. Ilé náà tóbi, ó mọ́, ó sì dákẹ́ débi pé èèyàn ń gbọ́ firíìjì láti ẹnu ọ̀nà. Eléyín ṣí yàrá kan. Àga mẹ́jọ ni wọ́n tò yípo níbẹ̀. Béèsì kan jókòó sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀yìn ti àga bí àlejò tí wọn kò tíì gbé omi fún.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ tó ti wà lẹ́nu obìnrin náà gbẹ síbẹ̀.

"Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ máa ń jókòó sí?"

"Mo máa ń dúró," ni ọkùnrin náà wí. Ó tún fi kún un pé, "Tí ilé bá ti dákẹ́ jù, mo máa ń ra òmíràn."

Ọjọ́ ìsinmi ló ń lọ ṣe é, ọ̀sán sí ìrọ̀lẹ́. Á fa okùn, á yí irin, á dúró kí igi rántí ara rẹ̀. Igi kì í rántí kíákíá. Ọkùnrin náà á po tíì, á gbé e wá, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Lọ́jọ́ tí àkọ́kọ́ sàn, obìnrin náà gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ ta okùn rẹ̀ kí n gbọ́."

"Mi kì í ta á fún èèyàn gbọ́."

"Èmi kì í ṣe èèyàn, agbẹ́gi ni mí. Ẹ ta á jàre."

Ó ta á. Ó mọ̀ ọ́n ta, ẹ má tan ara yín jẹ. Ṣùgbọ́n béèsì tó bá ń dá ké dà bí ẹni tí à ń gbọ́ lórí fóònù, tí a kò gbọ́ ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ó ń sọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó ń dúró, ó ń fi àyè sílẹ̀ fún ìdáhùn, ìdáhùn kò wá. Agbẹ́gìtá gbọ́ àyè wọ̀nyẹn ju orin lọ. Nígbà tí kò lè mú un mọ́ra mọ́, ó fi ìka kan ara àga, kó, kó-kó, ó ń dáhùn. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ìka rẹ̀ ṣìnà, ó sì tún bọ́ sọ́nà.

"Ẹ dá wà ju bí mo ṣe rò lọ," obìnrin náà wí nígbà tó parí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi náà ńkọ́? Gbogbo èyí tí mo bá gbẹ́ ló ń lọ. Èmi ni mò ń la ohùn wọn, tí wọ́n bá ti lè sọ̀rọ̀ tán, ọ̀dọ̀ ẹlòmíì ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Èmi àti bàbá á jẹun, a ó wo ara wa, a ó lọ sùn."

Ọkùnrin náà tún po tíì wá. Àwọn méjèèjì ni kò fẹ́ kí ìrọ̀lẹ́ yẹn parí. Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ́ràn èèyàn rí, ẹ kò nílò kí n tún ṣàlàyé.

Igi sàn tán, ìdí tó fi ń wá sì tán. Eléyín pè é lórí fóònù. "Ọ̀gá mi, ìkẹfà tún ń tẹ̀ o."

Ó dé, ó wò ó. "Eléyín, igi yìí tọ́ bí rúlà. O wá ń purọ́ mọ́ ohun tí kò lè sọ̀rọ̀?"

"Mo fẹ́ rí ẹ ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Wí i tààrà nígbà míì."

Ọkùnrin náà wí i tààrà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ọwọ́ líle tí ayùn ti kọ ilà sí, ó ní, "Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ kí a fẹ́ ara wa. Wo ọwọ́ ẹ, ìfẹ́ mi. Wo bí o ṣe ń wúkọ́ nítorí lẹ́búlẹ́bú yẹn. Fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Máa bọ̀ níbí. O ò ní ṣe nǹkan kan mọ́, kó o kàn sinmi."

Ẹ gbọ́ mi o: ọkùnrin yìí kò ní ibi kankan lọ́kàn. Ìkẹ́ ni lójú tirẹ̀. Ìkẹ́ yẹn kan náà ló fi tú okùn gìtá mẹ́jọ.

Agbẹ́gìtá fa ọwọ́ rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀. Ó wo àwọn àga, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Èwo wá ni tèmi? Ṣé o ti ra àga kẹsàn-án ni?"

"Kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí." Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó gbàgbé kan, kò padà wá mú un.

Ọkùnrin náà lọ bẹ̀bẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi ti rìnrìn àjò."

"Ìgbà wo ló máa dé, sà?"

"Ó jìnnà." Bàbá ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà wà lẹ́yìn, ó ń gbẹ́ igi, kò gbọ́ nǹkan kan. Kí ẹ tó bú bàbá, ẹ rántí pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n máa ń bẹ̀rù ilé tó ṣófo ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ọ̀rọ̀ wá dákẹ́ ní apá méjèèjì. Obìnrin náà ń retí kó wá, kò rí i, ó gbà pé ó ti rí òmíràn rà. Ó ń ṣe ọrùn gìtá fún ẹni tí kò mọ̀ rí, nígbà míì á dáwọ́ dúró láàárín, á sì gbàgbé ohun tó ń ṣe. Ọkùnrin náà ń lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ wo iye èèyàn tó ń rí lójúmọ́, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó lè dá a lóhùn. Á délé, á wọ yàrá náà. Lọ́jọ́ kan, ó gbé béèsì kan kúrò, ó jókòó sórí àga náà fúnra rẹ̀, ó wo àwọn tó kù. Ó pẹ́ kó tó dìde. Nígbà tó dìde, gìtá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde.

Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ kan máa ń kọrin pọ̀ nínú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti ń gbọ́ wọn lójú fèrèsé tipẹ́tipẹ́. Ó kanlẹ̀kùn.

"Dókítà, eyín wa ò dùn wá o!" ọkùnrin sísanra kan tó máa ń pín lẹ́tà kígbe, gbogbo wọn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Mo fẹ́ bá yín ta béèsì ni. Mo lè ṣì í o."

"Kí la ti ń ṣe látàárọ̀ bí kò ṣe àṣìṣe? Wọlé."

Ó ṣì í lóòótọ́. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó tún padà wá.

Òṣìṣẹ́ sísanra yẹn ló gbé béèsì kan wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní okùn rẹ̀ ti gbó tán. Agbẹ́gìtá yí i padà, ọkàn rẹ̀ fò. Ó mọ igi náà. Òógùn èèyàn ti sọ ọrùn rẹ̀ di dídán, bẹ́líìtì àwọn tó ń ta á sì ti ha ẹ̀yìn rẹ̀ láìmọye. Bàbá sún mọ́ ọn, ó fi ìka tó ń gbọ̀n tọ ojú ibi híha náà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ta ló ni ín?" obìnrin náà bèèrè, bí ẹni pé kò mọ̀.

"Dókítà wa ni. Ó ti yá gbogbo béèsì rẹ̀ fún àwọn tí ń kọ́ ọ. Ó ní ká ta á títí, ká má tú okùn. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́, ọ̀kan ṣoṣo ló kù lọ́wọ́ òun náà."

Bàbá wúkọ́. "Sọ fún dókítà yín pé ọmọ mi ti dé láti ìrìn àjò."

"Ìrìn àjò wo?" agbẹ́gìtá yíjú sí i.

Bàbá wo fèrèsé títí oníbàárà fi jáde. "Ó wá síbí. Mo ní o ti lọ. Bínú sí mi."

Ó bínú. Ó bínú dáadáa, gbogbo àdúgbò gbọ́. Nígbà tó parí, ó rí i pé bàbá ti kéré jọjọ nínú àga rẹ̀, ó lọ dúró tì í.

Ọjọ́ tí Eléyín dé, gọ́ọ̀mù ti wà lórí igi. Ẹ kò lè dá gọ́ọ̀mù dúró. Pákó dúdú tó máa bo ọrùn gìtá ni wọ́n ń lẹ̀, bàbá di apá kan mú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, pákó ń yọ̀ lọ, ó ń yọ̀ bọ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Kò sí àyè fún ẹ kú àtijọ́.

"Eléyín! Wá di ibí mú! Bàbá, ẹ yẹ̀ fún un!"

Ó sáré wá, ó dì í mú. Ọwọ́ rẹ̀ kò mì. Obìnrin náà di apá kejì mú, pákó dúró síbi tó yẹ. Wọ́n wà lójúkojú, igi kan láàárín wọn.

"Má gbé ọwọ́ kúrò o. Ó máa pẹ́ díẹ̀ kó tó mú."

"Jẹ́ kó pẹ́."

Ọkùnrin náà ti rù, obìnrin náà rí i; ojú rẹ̀ sì ti wọnú.

"Mi ò ní kó o sinmi mọ́," ọkùnrin náà wí.

"Kí lo wá ní kí n ṣe?"

"Gbẹ́ igi ẹ. Máa bá mi jà tí mo bá ṣì í ta. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, kí n rí lẹ́búlẹ́bú lórí àtẹ̀gùn, kí n mọ̀ pé ẹnì kan wà nílé. Ìyẹn nìkan ni mo fẹ́, olólùfẹ́ mi. Mo bẹ̀ ẹ́."

"Bàbá mi ńkọ́?"

"Bàbá ẹ ò tíì kú, ó ń gbọ́," bàbá wí láti ìdí fèrèsé. Lẹ́yìn náà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ kàn máa wá jẹun níbí."

Obìnrin náà wo pákó, kò wo ẹnikẹ́ni. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò sì lè nù ún.

"Wá lọ́la," ló wí. "Kí o wọ aṣọ tí kò ní dùn ẹ́ tó bá bàjẹ́. Ara gìtá yìí ṣì kù tí a ó gbẹ́."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni lo ń sọ?"

"Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń sọ."

"Ọ̀gá mi, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Eléyín. Di ibẹ̀ mú dáadáa."