Ẹja Kẹfà Nínú Ọkọ̀ Bùsúyì

"Mo ní márùn-ún! Márùn-ún! Ṣé etí ẹ ti di ni?"

Ohùn Adédoyin ta kọjá ọ̀sà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Èkó. Gbogbo lékeléke tó bà sí etí omi Òde-Omi fò dìde, apẹja kan tó ń tún àwọ̀n ṣe sì bojú wẹ̀yìn, ó rò pé ọ̀nì ló gbé èèyàn. Ọ̀nì kankan ò gbé ẹnikẹ́ni o. Bùsúyì, àbúrò rẹ̀ tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, ló tún fi ìka fa ẹja mẹ́fà sínú ọkọ̀ ojú fóònù, nígbà tí géèmù ní kó kó márùn-ún. Ọkọ̀ náà dojú dé, gbogbo ẹja dà sómi, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì yọjú, ó ń rẹ́rìn-ín kẹ̀kẹ̀kẹ̀.

Àǹtí Naomi, tíṣà jẹ́lé-ó-sinmi, ló fi géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì yìí ránṣẹ́ sí àwọn òbí. Bí ọmọ bá kó ẹja tó pé iye tí wọ́n bèèrè, á gba ìràwọ̀, ìràwọ̀ náà á sì hàn lórí fóònù tíṣà lọ́hùn-ún. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní. Ìdí nìyẹn tí ìyá wọn, tó ń yan ẹja tà, fi ń gbé fóònù rẹ̀ lé Adédoyin lọ́wọ́ lọ́sàn-án.

"Ìwọ lo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì," ó ní. "Jókòó ti àbúrò ẹ. Bí ẹ bá ṣe tán, kí o fi dátà tó kù ṣe tìẹ."

Dátà tó kù! Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ìbíkẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ti wà lórí wọ́ọ̀sáàpù, wọ́n ń dá ara wọn lára yá. Òun wá jókòó síbí, ó ń ka ẹja tí kò ṣeé jẹ.

"Tún un ṣe!"

Bùsúyì tún un ṣe. Géèmù ní mẹ́ta, ó kó mẹ́rin. Géèmù ní méje, ó kó mẹ́jọ. Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́.

Inú bí Adédoyin débi pé bí ẹ bá gbé ìkòkò omi lé e lórí, omi náà á hó, ẹ ó sì rí i fi tẹ ẹ̀bà. "Olódo! Ṣé igbá òfìfo ni wọ́n gbé lé ọ lọ́rùn ni? Ewúrẹ́ ilé Ìbíkẹ́ mọ̀ ọ́n kà jù ọ́ lọ!"

"Sìsí Doyin, ẹja yẹn..."

"Pa ẹnu ẹ dé! Gbé e wá!"

Ó já fóònù gbà. Ó kó ẹja fúnra rẹ̀, pàpàpà, ìràwọ̀ ń rọ̀ bí òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá. Kí ojú tó ṣẹ́, iṣẹ́ Bùsúyì ti parí, Adédoyin ti bọ́ sórí wọ́ọ̀sáàpù. Bó ṣe ń ṣe é lójoojúmọ́ nìyẹn. Nígbà tó yá, Bùsúyì ò tiẹ̀ fọwọ́ kan fóònù mọ́. Á kàn jókòó, á máa ju òkúta sómi.

Ìyá wọn ń rí ìràwọ̀, orí rẹ̀ ń wú. Kò sí oníbàárà tó wá ra ẹja tí kò gbọ́ pé ọmọ òun máa di ẹnjiníà.

Nígbà tí sáà parí, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì bámúbámú. Àǹtí Naomi so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan.

"Ẹ̀yin òbí wa, ọmọ kan wà láàárín wa tí ìràwọ̀ tiẹ̀ pọ̀ ju tojú ọ̀run lọ. Bùsúyì, máa bọ̀ níwájú, wá kó ẹja fún wa!"

Ìyá wọn jó tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀, gèlè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Adédoyin sá pamọ́ sẹ́yìn èrò.

Géèmù ní márùn-ún. Bùsúyì kó mẹ́fà. Ọkọ̀ dojú dé. Géèmù ní mẹ́rin. Ó kó márùn-ún. Ọ̀pọ̀lọ́ rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn bá a rẹ́rìn-ín, bàbá kan rẹ́rìn-ín títí ìjókòó fi dá mọ́ ọn nídìí.

Ojú Àǹtí Naomi le koko. "Bùsúyì, ta ló ń bá ọ ṣe é nílé?"

Ọmọ náà yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì yíjú síbẹ̀ pẹ̀lú.

Ìyá wọn fa àwọn méjèèjì lọ́wọ́ délé. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ẹja ló ti bú gbàmù. "Mo gbé ọmọ lé ọ lọ́wọ́, fóònù lo gbà mú! O sọ mí di ẹlẹ́yà lójú gbogbo Òde-Omi!"

Ìtìjú ń jó Adédoyin, ló bá kọjú ìbínú sí ọmọ kékeré. "Òun náà ńkọ́, Màmá? Orí ẹ̀ ló kú! Bùsúyì, ẹja mélòó ni wọ́n ní kí o kó?"

"Márùn-ún."

"Mélòó lo kó?"

"Márùn-ún!" Ẹkún bọ́ lójú rẹ̀. "Ìkan yòókù yẹn, èènì ni!"

"Kí lo wí?" ni ìyá wọn bi í.

"Màmá, ẹ̀yin lẹ ní oníbàárà kankan ò gbọdọ̀ lọ láìgba èènì. Ẹ ní èmi ni kí n máa fi í sínú báàgì wọn. Mo fún ọlọ́kọ̀ yẹn náà, ọkọ̀ ẹ̀ bá ń rì. Mo fẹ́ sọ fún Sìsí Doyin, wọ́n ní kí n pa ẹnu mi dé."

Ìyá wọn jókòó pẹ̀ṣẹ̀ sórí apẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní olódo mọ iye, ó tún mọ bí a ṣe ń fi ọ̀kan lé e!

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Adédoyin fa Bùsúyì lọ́wọ́ lọ bá Àǹtí Naomi, ó kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀. Tíṣà gbé fóònù sílẹ̀ níwájú ọmọ náà. "Ó dáa. Kó ẹja náà níṣojú mi, láìsí èènì."

Bùsúyì fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn. "Mi ò mọ̀ ọ́n. Sìsí Doyin ní olódo ni mí."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n fún un ní bisikíìtì. Ó jẹ bisikíìtì, kò fọwọ́ kan ẹja. Bí sáà tuntun ṣe dé nìyẹn, tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ kíláàsì kìn-ín-ní, tí òun jókòó sáàárín àwọn ọmọ tó ṣì ń tọ̀ sára. Inú bí Adédoyin sí ara rẹ̀ débi pé ì bá lè bọ́ sóde kúrò nínú awọ ara rẹ̀, kó na ẹni tó wà níbẹ̀ lẹ́gba.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Ìbíkẹ́ lẹ́nu ọ̀nà wọn, òun àti àbúrò tiẹ̀, Tamílọ́rẹ, lórí géèmù kan náà. Ìbíkẹ́ pòṣé. "Ọmọ yìí, ṣé o ò ríran ni? Gbé e wá, jẹ́ n bá ọ ṣe é."

"Gbé ọwọ́ ẹ kúrò níbẹ̀!" Igbe Adédoyin mú kí fóònù fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́. "Bó o bá kó o fún un, ìwọ lo mọ̀ ọ́n, òun kọ́! Kó o tó bú u, bi í pé kí ló dé tó fi kó o bẹ́ẹ̀! Ọmọdé ní ohun tó ń rò, àfi ká fara balẹ̀ gbọ́ ọ!"

Ìbíkẹ́ wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo àbúrò rẹ̀. Ó wá rọra ká ọwọ́ rẹ̀ kò.

"Tamílọ́rẹ," ó ní, "sọ fún mi. Báwo lo ṣe kà á?"