Lẹ́ǹsì Tí Kò Ṣẹ́jú Mọ́

Mo ń de kámẹ́rà mọ́ ògiri òrùlé ní ìlú Fẹ́ẹ̀sì ní Mòrókò, lókè ibi tí wọ́n ti ń ṣe awọ, nígbà tí ẹnì kan na ewé míńtì sí mi.

"Fi símú, arábìnrin. Ìgbẹ́ ẹyẹlé la fi ń mú awọ rọ̀ níhìn-ín."

Idder ni, ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe awọ níbẹ̀. Awọ ewúrẹ́ tútù wà léjìká rẹ̀, ó ń rùn bí òkú ẹran. Síbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn.

Nígbà tó ní òun fẹ́ fẹ́ mi, Bàbá mi tutọ́ sílẹ̀. "Ghita, ta ló ń bá òórùn jẹun?"

"Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, Bàbá."

Mo ya àwòrán Idder lẹ́nu iṣẹ́ ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, mo wá so gbogbo wọn pọ̀ kí ọjọ́ náà lè sáré kọjá. Ṣùgbọ́n àwòrán náà ń ṣẹ́jú pàkàpàkà: ó mọ́lẹ̀, ó ṣú, ó mọ́lẹ̀.

Bàbá mi bojú. "Èébì ń gbé mi! Ṣé àwòrán náà gbọ́dọ̀ rùn ni? Mo máa wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ Jímọ̀. Tó bá tún rí báyìí, má dárúkọ ọkùnrin yẹn nílé yìí mọ́."

Mo kórìíra lẹ́ǹsì náà. Lẹ́yìn àwòrán kọ̀ọ̀kan, ihò ìmọ́lẹ̀ inú rẹ̀ á ṣí gbayawu, á tún pa dé sí ìwọ̀n tí mo fún un. Ṣùgbọ́n kì í padà síbi kan náà gan-an, ìdí nìyẹn tí ìmọ́lẹ̀ àwòrán kan kì í fi bá ti èkejì dọ́gba. Ìyàtọ̀ tí kò ju fọ́nrán irun lọ ló fẹ́ gba ọkọ lọ́wọ́ mi.

Idder rẹ́rìn-ín. "Ghita mi, awọ tí wọ́n bá ń fà yọ wò nínú aró kì í gba àwọ̀ dọ́gba. Fi í sílẹ̀ síbẹ̀!"

Mo tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ihò náà dé sí ìwọ̀n. Mi ò gbé ìka kúrò; mo yí lẹ́ǹsì díẹ̀, bí ẹni fẹ́ yọ ọ́. Kámẹ́rà kò lè pàṣẹ fún un mọ́. Ihò náà dúró gbọin. Mo fi téèpù dè é kó má baà já sínú ìgbẹ́ ẹyẹlé, mo sì tún iṣẹ́ Idder yà látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́.

Lẹ́yìn tí a jẹ oúnjẹ kúsíkúsì ọjọ́ Jímọ̀ tán, Bàbá mi jókòó ti àwòrán náà, míńtì nímú, bí ẹni pé òórùn lè gba inú rẹ̀ jáde. Òjìji rìn jẹ́jẹ́ kọjá lórí àwọn kòtò aró. Awọ Idder wọlé ní funfun, ó jáde ní pupa, pupa náà ò sì mì.

"Ọkùnrin yìí ò jókòó rárá?"

"Rárá, Bàbá."

"Látàárọ̀?"

"Látàárọ̀."

"Ní kó máa bọ̀. Kó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta."

Ó wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ṣì ń rùn. Bàbá mi yínmú, ó wò ó títí. Ó wá ju míńtì ọwọ́ rẹ̀ sínú ìkòkò tíì.

"Jókòó, ọmọ mi. Mu tíì."