Ìwé Tó Sùn Nínú Àpò Síkẹ́ẹ̀tì

Ìyá oníbọ́tìnì tó máa ń kiri òwú àti síìpù ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, ojú rẹ̀ ló sì ṣe. Ó ní òun ò mọ̀ pé ìwé pélébé lè ṣe èèyàn léṣe ju ọ̀bẹ lọ, àfi ọjọ́ tí òun fẹnu ara òun ka ọ̀kan.

Télọ̀ kan lọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Yàrá iwájú ilé ọkọ rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀rọ méjì, tábìlì ìgéṣọ kan, dígí gígùn lára ògiri. Kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà tójú rẹ̀ kò mọ̀, torí tépù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ló máa ń bá a ka ìwé. Eyínfúnjowó ni Télọ̀ ń pè é, kò sì pe ọmọbìnrin náà ní “ìwọ” rí láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, bẹ́ẹ̀ òógùn ojú rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ ni wọ́n fi rán an níléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, Tíṣà gbé síkẹ́ẹ̀tì kan wá. Ó ní oyún ti ń yọ, kó bá òun tú ìbàdí rẹ̀, pé òun ò wọ̀ ọ́ láti ṣáájú ìgbéyàwó òun. Télọ̀ kì í ki sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ oníbàárà láìkọ́kọ́ yẹ àpò rẹ̀ wò. Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa ìwé kan jáde, kíká mẹ́rin. Ó fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni ojú rẹ̀ bá bọ́ sókè ìwé náà: 1062.

“Ìyá oníbọ́tìnì, ẹ wá wo nǹkan,” ó ké sí obìnrin náà tó wá kó òwú fún un láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Kí ló dé? Ṣé owó lẹ rí?”

“Nọ́ńbà káàdì mi ni. Ti ilé ìwòsàn.”

Oṣù márùn-ún sẹ́yìn, wọ́n gé bín-ín-tín nínú kókó kan tó wà lọ́yàn òsì rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Ọjọ́ tí èsì jáde, aṣọ ìgbéyàwó Tíṣà wà lórí ẹ̀rọ, ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Tíṣà ní kó má dìde nídìí aṣọ, òun á bá a gba èsì. Ó lọ, ó dé, ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, wàrà àtijọ́ ló dì síbẹ̀. Wọ́n ní kó o máa fomi gbígbóná tẹ̀ ẹ́.”

Inú Télọ̀ dùn débi pé ó fi ìlà ìlẹ̀kẹ̀ kan kún ọrùn aṣọ náà, kò gba kọ́bọ̀. Omi gbígbóná láàárọ̀, omi gbígbóná lálẹ́, fún oṣù márùn-ún! Kókó náà kò dùn ún, ìyẹn ló fi gbàgbọ́. Ẹ̀yin obìnrin ẹlẹgbẹ́ mi, kókó tí kò dunni, ẹ má fojú kékeré wò ó.

Oníbọ́tìnì ka ìwé náà, ó tún un kà.

“Ṣé kí n sọ ọ́ bó ṣe wà?”

“Bẹ́ ẹ bá bu iyọ̀ sí i, mi ò ní dárí jì yín.”

“Jẹjẹrẹ ni. Wọ́n ní ó ṣì kéré, kò tíì rìn lọ síbòmíì. Wọ́n ní kẹ́ ẹ padà wá láàárín ọjọ́ méje káwọn yọ ọ́.”

“Méjì tí wọ́n kọ síbí yìí ńkọ́?”

“Sẹ̀ǹtímítà méjì. Bó ṣe tó nìyẹn.”

Télọ̀ fa tépù lọ́rùn. Ó kọjú sí dígí, ó tú bọ́tìnì aṣọ rẹ̀, ó wọn kókó náà bó ṣe ń wọn oníbàárà. Sẹ̀ǹtímítà márùn-ún.

Lọ́sàn-án, Tíṣà wọlé pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọkọ Télọ̀, káfíńtà, tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

“Ìyàwó wa, síkẹ́ẹ̀tì mi dà? Àbí o ti ń sàba nídìí ẹ̀rọ bí adìyẹ?”

Télọ̀ tẹ́ ìwé náà sórí tábìlì, ó fi sísọ́ọ̀sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

“Kà á fún mi.”

“Ta lò ń bá wí?”

“Ìwọ. Ìwọ ni mò ń bá wí.”

Káfíńtà dúró gbagidi. “Kí ló dé tó ò ń bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ báyẹn?”

“Bàbá àwọn ọmọ, ẹ jẹ́ kó kà á. Ohun tó kà fún mi lóṣù márùn-ún sẹ́yìn ni kó tún kà.”

Ojú Tíṣà ṣú. “Ìwé iléèwé mi ni. Tàwọn ọmọ kíláàsì mi.”

“Ọmọ kíláàsì rẹ wo ló ń lo nọ́ńbà mi?” Télọ̀ gbé káàdì rẹ̀ ti ìwé náà. “Mi ò mọ̀wé. Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ nọ́ńbà?”

Káfíńtà gba ìwé náà. Ó kà á tán, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀.

“O mọ̀?”

“Bùọ̀dá mi, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Bí mo bá sọ ọ́, ẹ̀ bá sún ìgbéyàwó mi síwájú. Ta ni ì bá parí aṣọ mi? Mo ní bá a bá ṣe é tán, màá sọ.”

“A ṣe é tán. Ṣé o sọ?”

“Ojú tì mí. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ọ̀rọ̀ náà ń wúwo sí i lẹ́nu mi.”

“Lọ́yàn tèmi náà,” Télọ̀ ní, “ó ń wúwo.”

Tíṣà kúnlẹ̀. “Mo fi oyún inú mi búra, bí mo bá mọ̀ pé…”

“Má fi ọmọ tí kò tíì mọ nǹkan kan búra.”

Irú ìmọ̀tara-ẹni-nìkan wo nìyẹn? Aṣọ ọjọ́ kan ló fi díwọ̀n ẹ̀mí èèyàn, ó sì yan aṣọ. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ Tíṣà gbọ́, ohun kan ṣoṣo ló bi í: “Bó bá jẹ́ èmi ni mo ń ṣàìsàn, àpò wo lo máa ki ìwé tèmi bọ̀?” Títí dòní, kò sẹ́ni tó ń gbé lẹ́tà fún un kà mọ́ ládùúgbò.

Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Télọ̀. Ká ní ó wá láàárín ọjọ́ méje yẹn, ibi kékeré làwọn ì bá gé. Nísinsìnyí ọyàn náà gbọ́dọ̀ lọ, ó ti kan abẹ́ abíyá, ìtọ́jú rẹ̀ á sì gùn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ò tíì dí.

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Tíṣà ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn kí wọ́n tó dé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí símẹ́ǹtì tòun ti oyún.

“Ìyàwó wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Télọ̀ fà á dìde, kó má baà ni ikùn lára. Ó ṣí àpò ọwọ́ rẹ̀, ó mú síkẹ́ẹ̀tì náà jáde, lílọ̀ gbẹrẹgẹdẹ, ó gbé e lé e lọ́wọ́.

“Mo ti tú u. Á gbà ọ́ títí wàá fi bímọ. Èmi, iṣẹ́ tí mo bá gbà, mo máa ń parí ẹ̀ lásìkò.”

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó pe 1062. Télọ̀ bọ́ tépù lọ́rùn, ó fi kọ́ ọkọ rẹ̀ lọ́rùn, ó wọlé, kò wẹ̀yìn.