Ilé Gogoro Méjì Nínú Ife Omi

Orí àkàbà ni Alford wà nígbà tó kọ́kọ́ rí obìnrin náà, nínú aṣọ tó pọ́n bí iná. Kò wo pẹpẹ, kò wo fèrèsé aláràbarà. Ògiri pákó ló gbé etí lé, tó ń fi ìka kàn án: kó, kó, kó.

"Sista, ta lẹ ń kànlẹ̀kùn fún?"

Ó ya Alford fúnra rẹ̀ lẹ́nu pé òun sọ̀rọ̀. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni, káfíńtà kàtídírà, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tó wà lórí òkè Sẹnt Jọ̀ọ̀n. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, pákó nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá òkúta wà lẹ́yìn rẹ̀ lóòótọ́."

"Ó wà. Ilẹ̀ ló mì láyé àtijọ́, tó wó ṣọ́ọ̀ṣì ti tẹ́lẹ̀ palẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń tún un kọ́, wọ́n fi pákó kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sínú ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta. Bí òkúta bá gbọ̀n, pákó á dì í mú."

Obìnrin náà wo àjà títí. "Áà! Ọwọ́ èèyàn ló ṣe èyí?"

Ionie lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni. Láti ọjọ́ náà, gbogbo Sátidé ló ń gun òkè wá pẹ̀lú dùkáná gbígbóná, ànàmọ́ alágbọn tí wọ́n fi ewé dì.

"Ẹ jẹun, Bọ̀dá Alákàbà, kí atẹ́gùn má gbé yín lọ."

Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí sí London. Bí mi ò bá rí ìdí tí màá fi dúró, màá lọ o."

Alford mọ ìdí náà. Ìdí náà gan-an ló jókòó, tó ń jẹ dùkáná. Ẹ̀rù ò jẹ́ kó sọ ọ́.

Ẹtì Rere dé, wọ́n pè é wá jẹ ẹja nílé ìyá Ionie, Màmá Tryphena. Lọ́sàn-án gangan, Màmá da funfun ẹyin sínú ife omi, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní gbogbo erékùṣù wọn láti fi wo ohun tó ń bọ̀. Bó bá ya ọkọ̀, ìrìn àjò ni. Bó bá ya ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbéyàwó ni. Bó bá ya pósí, ká má rí i. Funfun ẹyin na ọ̀pá méjì sókè.

"Ọkọ̀ ojú omi rèé!" ni Màmá kígbe. "Ionie, lọ di ẹrù ẹ. London ti yá. Káfíńtà, o ṣeun o, ó dàbọ̀."

Ionie wo Alford. Alford wo ilẹ̀. Ó mú fìlà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ló ti gbójú sókè, tó rí kàtídírà lórí òkè, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tí ilẹ̀ mì mọ́ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n sì tún un kọ́.

Ó padà wọlé. Ó gbé ife náà lọ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ìfófòó roboto kọ̀ọ̀kan wà lórí ọ̀pá méjèèjì. Ọkọ̀ wo ló ní irú orí yẹn? Ẹ wá wo orí òkè."

Ilé gogoro méjì ni kàtídírà náà ní, orí roboto méjì. Màmá pa ojú kan dé, ó wo ife, ó wo òkè.

"Hẹn-ẹ́n! Káfíńtà, o láhọ́n lẹ́nu! Mo ti rò pé pákó ni ọ́."

Ionie bú sẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ Alford, ó fi ìka kàn án láyà: kó, kó, kó.

"Ṣé ẹnì kankan wà lẹ́yìn pákó yìí?"

"Ó wà," ni Alford wí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ó ti ń dá gbé níbẹ̀ ọjọ́ ti pẹ́. Ionie mi, má lọ. Wọlé."